Ìdí Ọmọ Ni Ìdí

Wọ́n ní kí ni ìdí.
Mo ní ìdí ọmọ ni ìdí.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún tí a gbé Ìbíyẹmí wálé,
sí àjà kejì ilé oníbíríkì ní òpópó Sájẹ́ǹtì, ní Wínípẹ̀gì,
itan rẹ̀ sú, ó pọ́n bí ẹyìn.
Nápìì oníke la fi ń dì í,
tòun ti òórùn lófínńdà tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè.
Akínṣọlá ka owó lórí ìka, ó tún un kà:
mẹ́wàá lójúmọ́, àádọ́rin lọ́sẹ̀.
Èmi ń wo báàgì dúdú lẹ́nu ọ̀nà,
tó wú bí ikùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Mo pe ìyá mi ní Ìlá.
Ó rẹ́rìn-ín títí fóònù fi ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi.
"Èmi tí mo fi omi kànga fọ ìlédìí ẹ̀yin márààrún,
mo ní kí ọmọ mi lọ sókè òkun kó lọ sinmi,
o wá wọ bàálù lọ fọ ìgbẹ́ ní Kánádà!"
Ó dákẹ́ díẹ̀.
Ó ní, "Omi tútù ni kí o kọ́kọ́ fi ṣàn án o.
Omi gbígbóná a máa sin àbàwọ́n sínú aṣọ."

Ìyá àgbà Olẹ́na tó ń gbé nísàlẹ̀ ti gbọ́ igbe ọmọ.
Ó gòkè wá tòun ti agolo bisikíìtì,
kì í ṣe bisikíìtì ló wà nínú rẹ̀:
fúláńẹ́lì méjìlá tí fífọ̀ ti sọ di ẹ̀lẹ́,
àti píìnì mẹ́fà tí orí wọn ṣe bí orí pẹ́pẹ́yẹ.
Ọkùnrin mẹ́ta ló fi wọ́n tọ́;
àbíkẹ́yìn wọn ti hu ewú báyìí.
A kò gbọ́ èdè ara wa tán.
Ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀:
ṣẹ́ ẹ sí igun mẹ́ta, fa etí yìí kọjá,
ki ìka rẹ sáàárín píìnì àti awọ ọmọ.
Bí yóò bá gún ẹnìkan, kó gún ìyá.

N kò ní purọ́ fún yín.
Mo ti sunkún lórí garawa ní aago mẹ́ta òru.
Mo ti gbàgbé ọ̀kan síbẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta,
Akínṣọlá ń wá òkú èkúté kiri ilé.
Nígbà tí a lọ kí àwọn ará wa ní Búrándìnì,
nápìì oníke la gbé lọ,
n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.
Ẹ̀rọ ìfọṣọ tó wà lábẹ́ ilé ń gbé owó ẹyọ mì
bí ẹni tí kò jẹun láti àná.

Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ẹ̀rọ ìgbẹṣọ dákẹ́.
Mo sá ìlédìí sórí okùn ní bákónì,
nínú òtútù tó ń mú imú gbàgbé pé imú lòun.
Kí n tó yíjú padà, wọ́n ti gan.
Méjìlá dúró ṣánṣán bí pánla.
Mo kó wọn wọlé, mo gbá ọ̀kan mọ́ ògiri:
gbà!
Ìbíyẹmí bú sẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí a ti ń retí láti ọ̀sẹ̀ méje,
ìlédìí dídì ló fún,
kì í ṣe ìyá, kì í ṣe bàbá.
Mo tún gbá a. Gbà!
Akínṣọlá sáré jáde ní balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú,
ó ní kí ló fọ́, kí ló fọ́.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀
ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.
Èmi kò ní ìlẹ̀kẹ̀.
Aṣọ ni mo ní,
tí ọmọ àjèjì mẹ́ta ti tọ̀ sí kí tèmi tó dé,
tó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ẹ̀rọ amúlégbóná,
tó ń kán tótó sílẹ̀ pákó.

Itan rẹ̀ ti dán.
Ó sì tún ti ya ìgbẹ́ báyìí tí mo ń kọ èyí.
Omi tútù kọ́kọ́, Màámi.
Mo rántí.